Tọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ fi ń yẹ owó wò ò lè bá yín yẹ oògùn wò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo rí fídíò kan tí wọ́n ní àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ti ṣe páódà kan tó ń tàn lábẹ́ iná UV, tó ń dá oògùn ọwọ́ ọ̀tún mọ̀ yàtọ̀ sí ti ọwọ́ òsì. Mo wá tan tọ́ọ̀ṣì UV tí mo fi ń yẹ owó wò ní ṣọ́ọ̀bù sí levofloxacin, oògùn tó ń pa bakitéríà, tí wọ́n kọ fún màmá mi, kò tàn rárá. Ṣé féèkì ni? Ẹ̀gbọ́n mi ní ká dá a dúró.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá oògùn màmá dúró. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń ta tọ́ọ̀ṣì yẹn pé ó ń mú ayédèrú oògùn.

Iná yẹn ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Oògùn ọwọ́ ọ̀tún àti ti ọwọ́ òsì jẹ́ mólíkù (ẹyọ wínníwínní tó para pọ̀ di oògùn) méjì tó dà bí èèyàn àti àwòrán ẹ̀ nínú dígí, ohun tó wà lára ọ̀kan náà ló wà lára èkejì, bí wọ́n ṣe tò ó ló yí padà, iná UV lásán ò sì ní fi ìyàtọ̀ kankan hàn láàárín wọn: tí ọ̀kan bá tàn, èkejì á tàn bákan náà.

Páódà inú fídíò yẹn ló mọ̀ ọ́n, torí pé òun náà ní ọwọ́. Wọ́n so mẹ́tààlì bí europium tàbí terbium pọ̀ mọ́ kẹ́míkà oníkábọ́ọ̀nù tó jẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo, ó wá kún fún ihò wínníwínní. Kẹ́míkà yẹn ló ń gba iná UV sílẹ̀ fún mẹ́tààlì, mẹ́tààlì á wá tàn, europium á pọ́n, terbium á tàn bí ewé. Tí mólíkù oògùn bá wọnú ihò yẹn, bí bàtà ọ̀tún ṣe ń bá ẹsẹ̀ ọ̀tún mu ni, èyí tó bá a mu á rọ̀ mọ́ ọn, á sì yí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ padà ju èkejì lọ.

Àmọ́ ká ní mo gbé páódà yẹn fún yín lónìí, kò ní wúlò fún yín. Oògùn tó pọ̀ lè pa ìmọ́lẹ̀ ju oògùn díẹ̀ lọ, ẹ ò wá ní mọ̀ bóyá ọwọ́ ló fà á àbí bó ṣe pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tá a fi ń kọ́kọ́ wọn iye ẹ̀ lọ́tọ̀ ní lábù, tá a ń fi ojúlówó ọwọ́ méjèèjì ṣe òṣùwọ̀n, tá a sì ń fi ẹ̀rọ ka ìmọ́lẹ̀, a kì í fojú wò ó. Levofloxacin fúnra ẹ̀ máa ń tàn tó bá wà nínú omi, ṣùgbọ́n titanium dioxide, èròjà funfun tí wọ́n sábà fi ń bo tábúlẹ́ẹ̀tì, máa ń gbé iná UV mì, torí náà, pé kò tàn ò sọ pé féèkì ni. Páálí oògùn ló máa ń tàn búlúù, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń mú kí pépà funfun nìyẹn.

Ẹ má sì rò pé oògùn tó ní ọwọ́ méjèèjì ti di féèkì o. Oògùn míì wà tó ń jẹ́ ofloxacin, ojúlówó ẹ̀ ní méjèèjì lọ́gbọọgba, ọwọ́ òsì inú ẹ̀ nìkan ló ń jẹ́ levofloxacin.

Mi ò rí oògùn ọwọ́ yín, mi ò lè sọ bóyá ojúlówó ni. Ẹ yẹ nọ́ḿbà NAFDAC wò, tí ibi tí wọ́n ń họ bá wà lára páálí, ẹ họ ọ́ kẹ́ ẹ fi nọ́ḿbà ibẹ̀ ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀, kẹ́ ẹ mú páálí ẹ̀ àti rìsíìtì lọ síbi tẹ́ ẹ ti rà á kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ pe dókítà tó kọ ọ́ lónìí yìí, kí màmá ṣì máa lò ó títí dókítà á fi ní kí wọ́n dúró.