Imí-eṣú: kí ni ìtumọ̀ orúkọ ewéko yìí?

Arábìnrin kan láti Òṣogbo béèrè pé ewéko kan ti gba ẹ̀yìnkùlé òun. Òun fẹ́ hú u, àmọ́ aládùúgbò òun ní kí òun má fọwọ́ kàn án, pé imí Èṣù ni.

Ẹ hú u, ẹ má bẹ̀rù. Àmì ohùn ló da ọ̀rọ̀ rú. Èṣù, ìsàlẹ̀ méjèèjì, ni òrìṣà tí gbogbo wa mọ̀. Eṣú, àárín àti òkè, ni kòkòrò tí í ya bo oko tí í sì jẹ ẹ́ kanlẹ̀. Imí-eṣú ni ewéko yìí ń jẹ́. Ẹ fún ewé rẹ̀ mọ́wọ́, òórùn rẹ̀ yóò jẹ́ kẹ́ ẹ gbà pé orúkọ náà yẹ ẹ́. Àwọn Òyìnbó ní tiwọn fi òórùn òbúkọ sọ ọ́ lórúkọ. Àlejò sì ni nílẹ̀ yìí o: Amẹ́ríkà ti àárín àti ti gúúsù ló ti wá.

Kẹ́ ẹ tó hú u, ẹ wò ó dáadáa. Irun wẹ́wẹ́ bo igi rẹ̀, ewé rẹ̀ ń yọ ní méjì-méjì, ọ̀kan dojú kọ èkejì. Òdòdó rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù: funfun, tàbí àwọ̀ aṣọ aláró tó ti ṣá, ó rí múlọ́múlọ́ bí òwú. Ohun tójú ń rí bí òdòdó kan, òdòdó wínníwínní bíi 60 sí 75 ló kóra jọ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ewúro àti yánrin, ẹbí kan náà ni wọ́n.

Kì í lò ju ọdún kan lọ. Nígbà mìíràn, oṣù méjì ò ní pé tó ti hù, tó tanná, tó so, tó kú. Àmọ́ ẹyọ kan lè so èso 40,000, dúdú, tín-ín-rín, tí atẹ́gùn ń gbé kiri. Ìmọ́lẹ̀ ló ń jí èso náà, ìdí nìyẹn tó fi ń bo ilẹ̀ tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ro. Nítorí náà, ẹ hú u kí òdòdó rẹ̀ tó gbó.

Lọ́jọ́ tí ọkọ́ ṣá mi lẹ́sẹ̀ ní kékeré, ìyá mi àgbà fún oje rẹ̀ sí i. Ó ta mí títí omi fi bọ́ lójú mi, ẹ̀jẹ̀ sì dá. Ojú ọgbẹ́ nìyẹn. Ẹ má sè é mu bí àgbo: èròjà tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ wà nínú rẹ̀.