Màmá àgbà tí wọ́n bí ní Cork: ìwé tí ẹ máa kó jọ fún ẹ̀tọ́ ọmọ Írẹ́lándì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Bí ìbéèrè yín ṣe yé mi nìyí: Cork ni wọ́n bí màmá àgbà sí, ọmọ Yorùbá tó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Dublin ló fẹ́ wọn, àwọn méjèèjì wá sí Ìbàdàn, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá yín sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí ẹ̀yin sí. Ẹ wá fẹ́ mọ ìwé tí Írẹ́lándì máa béèrè lọ́wọ́ yín.

Ẹ kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ bàbá yín sọ́tọ̀ kúrò lára tiyín. Ọmọ Írẹ́lándì ni bàbá láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé, nítorí pé orí ilẹ̀ Írẹ́lándì ni wọ́n bí ìyá wọn sí, òfin ọmọ-ìlú Írẹ́lándì ti 1956 ò sì ya ìyá sọ́tọ̀ kúrò lára bàbá. Páṣípọ́ọ̀tù ni kí wọ́n lọ gbà tààrà. Ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ nínú Foreign Births Register, ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n bí sí ilẹ̀ òkèèrè, èyí tí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wọn ní Dublin ń tọ́jú. Ọjọ́ tí orúkọ yín bá wọ inú rẹ̀ lẹ di ọmọ Írẹ́lándì, kì í ká ọjọ́ tó ti kọjá. Nítorí náà, ọmọ tí ẹ ti bí ṣáájú ọjọ́ yẹn ò lè gbà á láti ara yín. Èyí tí ẹ bá bí lẹ́yìn rẹ̀ lẹ lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, tí oyún bá ti wà nílẹ̀, ẹ sọ fún wọn, nítorí wọ́n láyè láti tètè dá òbí tó ń retí ọmọ lóhùn. Ẹ má sì bẹ̀rù pé ẹ máa pàdánù ti Nàìjíríà: ìpín 28 nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 gba ẹni tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí láyè láti ní òmíràn.

Ìwé ìran mẹ́ta lẹ máa kó: ti màmá àgbà, ti bàbá, tiyín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó pẹ́ jù, torí orúkọ tó bá wà nínú rẹ̀ ni gbogbo ìyókù máa bá mu.

General Register Office, ọ́fíìsì ìjọba Írẹ́lándì tó ń tọ́jú ìwé ìbí, ìgbéyàwó àti ikú, ní Roscommon ló ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí ìbí àwọn tí wọ́n bí ní Cork, €20 ni ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ẹ̀dà rẹ̀. Ká ní Belfast tàbí Derry ni, ọ́fíìsì ti Belfast lẹ máa kọ̀wé sí, ẹ̀tọ́ kan náà ni. Ìkànnì irishgenealogy.ie ń fi ìwé ìbí hàn lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ èyí tó ti lé ní 100 ọdún nìkan, ẹ ò lè rí ẹni tí wọ́n bí ní 1934 níbẹ̀. Ẹ máa ní láti kọ orúkọ, ọdún, àdúgbò àti orúkọ àwọn òbí rẹ̀ ránṣẹ́ sí Roscommon. Tí ẹ ò bá mọ bàbá màmá àgbà, ìwé ìgbéyàwó wọn dárúkọ rẹ̀. Orúkọ tí ẹ mọ̀ wọ́n sí nílé lè má jẹ́ èyí tó wà nínú ìwé: Molly sábà máa ń jẹ́ Mary, Bridie a jẹ́ Bridget, Peggy a jẹ́ Margaret. O' iwájú orúkọ ìdílé lè wà lórí ìwé kan, kó má sí lórí èkejì. Ọjọ́ ìbí náà lè fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan yàtọ̀, nítorí owó ìtanràn wà fún òbí tó bá pẹ́ kó tó forúkọ ọmọ sílẹ̀, àwọn kan a sì sún ọjọ́ síwájú. Àwọn kan á ní gbogbo ìwé Írẹ́lándì ló jóná ní 1922. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ìwé ìkànìyàn àti ti ṣọ́ọ̀ṣì ló pọ̀ nínú ohun tó jóná ní Four Courts, ọgbà ilé ẹjọ́ ní Dublin tí wọ́n ń kó ìwé ìjọba pamọ́ sí. Ìwé ìbí tí ìjọba ń kọ láti 1864 ṣì wà.

Ìwé ìgbéyàwó ni mo ka sí pàtàkì jù nínú ọ̀ràn yín, torí òun ló ń fi hàn pé ọmọbìnrin Cork yẹn ló di ìyàwó ilé Yorùbá. Ìwé tí fadá fọwọ́ sí ò tó. Ìjọba Írẹ́lándì kọ ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀, Roscommon náà lẹ ti máa gbà á. Tí màmá àgbà bá ti di olóògbé, ẹ fi ìwé-ẹ̀rí ikú kún un. Tó bá jẹ́ Nàìjíríà ni wọ́n kú sí, ìwé tí ọsibítù kọ kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí ikú, ti National Population Commission ni kí ẹ gbà.

Ọ̀dọ̀ bàbá ni wàhálà máa ń pọ̀ sí. Káàdì ọsibítù, ìwé ìrìbọmi àti ìwé ọjọ́-orí tí wọ́n búra lé lórí ní kóòtù, kò sí èyí tó jẹ́ ìwé-ẹ̀rí ìbí nínú wọn. Tí ìwé tí káńsù Ìbàdàn fún òbí wọn nígbà náà bá ṣì wà, òun ni kí ẹ lò. Tí kò bá sí, ẹ lọ bá National Population Commission. Kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ orúkọ ìyá sí. “Mrs. Adéyẹmí” ni akọ̀wé sábà máa ń kọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ orúkọ ilé bàbá màmá àgbà ni Dublin ń wá. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ bó ṣe wà nínú ìwé Cork gan-an, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bàbá á tún fi ẹ̀dà páṣípọ́ọ̀tù wọn sí i, kí lọ́yà tàbí ẹlẹ́rìí yín jẹ́rìí sí i pé ẹ̀dà òótọ́ ni.

Orúkọ ìdílé ń yí padà nílé wa. Ògúnbíyì di Olúbíyì nígbà tí ẹnì kan gba Jésù, àbúrò rẹ̀ sì ń jẹ́ ti àtijọ́ lọ. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò ní Dublin ò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ènìyàn méjì ló máa rí. Ẹ fi ìwé ìbúra àti ojú ewé ìwé ìròyìn tí wọ́n fi kéde ìyípadà orúkọ náà kún un kí wọ́n tó béèrè.

Tiyín rọrùn díẹ̀: ìwé-ẹ̀rí ìbí tó dárúkọ òbí méjèèjì, ẹ̀dà páṣípọ́ọ̀tù tí wọ́n jẹ́rìí sí, ojúlówó ìwé méjì tó fi àdírẹ́sì yín hàn, fọ́tò mẹ́rin. Ẹ̀yin òǹkàwé mìíràn tí wọ́n bí ní ìlú Ọba, ìwé kékeré tí kò dárúkọ òbí ò wúlò. Ẹ̀yin tí ìwé yín wá láti Cotonou tàbí Lomé, ẹ gba ògbufọ̀ tó ní ìfọwọ́sí.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa kọ fọ́ọ̀mù, kí ẹ san €278, €153 fún ọmọdé, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ má fọwọ́ sí i nílé! Iwájú ẹlẹ́rìí ni ẹ ti máa fọwọ́ sí i: dókítà, lọ́yà, olùkọ́, ọlọ́pàá tàbí irú wọn, ẹni tó mọ̀ yín dáadáa, tí kò bá yín tan. Òun náà á kọ nọ́ńbà fọ́ọ̀mù yẹn sẹ́yìn fọ́tò méjì, á fọwọ́ sí wọn, á sì kọ déètì. Kó jẹ́ ẹni tí fóònù rẹ̀ ń lọ, torí wọ́n lè pè é.

Ojúlówó ìwé lẹ máa fi ránṣẹ́, wọ́n á dá wọn padà. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sílé, kí ẹ sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, torí fáìlì tí ìwé kan bá kù nínú rẹ̀ a dúró síbẹ̀ títí ìwé náà á fi dé. Àdírẹ́sì tí ẹ bá kọ, kó jẹ́ ibi tí ènìyàn á wà nílé láti fọwọ́ gba lẹ́tà, nítorí ibẹ̀ ni ìwé-ẹ̀rí yín àti ìwé màmá àgbà máa padà sí.