Ọmọ mi kì í sọ̀rọ̀ nílé, àmọ́ kì í dákẹ́ lórí kọ̀ǹpútà

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Brampton ní Kánádà lèmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń gbé. Ọmọ wa ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́wàá, àtìgbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún ni wọ́n ti sọ fún wa pé ó ní autism, ìyẹn ni pé ọpọlọ ẹ̀ ń gba ọ̀rọ̀ àti ariwo lọ́nà tó yàtọ̀ sí tàwọn ọmọ yòókù. Nílé, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu ẹ̀, tí àlejò bá ti dé á wọ yàrá lọ, á tilẹ̀kùn. Àmọ́ tó bá ti dórí kọ̀ǹpútà, háà, ó ń kọ ọ̀rọ̀ gígùn gígùn sí àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń ṣe géèmù, ó tiẹ̀ ń ṣàlàyé nǹkan fún wọn. Ọkọ mi ní ká gba kọ̀ǹpútà yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, pé òun ló pa á lẹ́nu mọ́. Ìyá mi nílé ní ká gbé e wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ nínú ọlidé, pé tó bá bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣeré lágbàlá fóṣù méjì, ẹnu ẹ̀ á là. Lọ́jọ́ tí mo rí i tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ní àbúrò kan tóun fẹ́ràn gan-an, mo sunkún, torí kò sọ ọ́ létí wa rí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti tọ́ irú ọmọ yìí dàgbà?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní kí n tètè sọ ìyẹn ná, kí bàbá ẹ̀ má lọ yọ wáyà kẹ́ ẹ tó ka ọ̀rọ̀ mi tán.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lèmi náà, London ni mo wà látọdún 1991. Ọmọ ọdún méjì ni àkọ́bí mi nígbà tá a dé, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa báyìí. Nígbà tó wà ní kékeré, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni mo rò pé mo bí. Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ọ́ tiwa ọmọ kì í wo àgbà lójú kòrókòró, ọmọ tó bá tẹrí ba tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ níbi táwọn àgbà ti ń sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ìyá ẹ̀ kọ́ ọ ni. Tísà ẹ̀ pè mí pé ọmọ yìí kì í wo ojú èèyàn, mo ní ọ̀wọ̀ ni, ọdún méjì gbáko ni mo fi bá obìnrin yẹn jiyàn, ó sì ń dùn mí títí dòní. 1997 ni wọ́n tó sọ fún wa pé Asperger ni, orúkọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sínú ìwé àwọn dókítà Amẹ́ríkà ní 1994, tí wọ́n tún yọ kúrò ní 2013, tí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ sábẹ́ autism. Kò pẹ́ sígbà yẹn, ní 1998, ni ariwo abẹ́rẹ́ MMR tí wọ́n fi ń dènà measles, ṣègede àti rubella bẹ̀rẹ̀, tí dókítà kan tó ń jẹ́ Andrew Wakefield àtàwọn kan kọ̀wé tó jẹ́ káyé máa rò pé abẹ́rẹ́ yẹn ló ń fa autism. Mi ò lè sùn, torí èmi ni mo gbé ọmọ lọ gbabẹ́rẹ́. Kò sóòótọ́ níbẹ̀ o. The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn dókítà tó gbé ìwé yẹn jáde, fúnra ẹ̀ wọ́gi lé e ní 2010, ọdún yẹn náà ni wọ́n yọ orúkọ Wakefield kúrò láàárín àwọn dókítà. Tí mọ̀lẹ́bí kankan bá tún fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ẹ pa á rẹ́.

Ìparí ọdún 1998 yẹn la ra kọ̀ǹpútà. Wáyà fóònù ilé ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà nígbà yẹn, tí módẹ́ẹ̀mù, ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ wáyà yẹn, bá fẹ́ wọlé á kọ́kọ́ dún kí-rí-rí, á wá máa han gooro, á tún máa ṣe ṣììì. Ọmọ mi tí ìlù ń lé jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń fọwọ́ méjèèjì dí etí tí mo bá ń fi bíléńdà lọ ata, á gbé etí lé módẹ́ẹ̀mù yẹn, ó sì lè fẹnu ṣe ariwo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kóòdù fóònù ló fẹ́ràn jù láyé. Nàìjíríà 234, Ghana 233, Benin 229, Togo 228, ó mọ Ìbàdàn sí 02, Ìlọrin sí 031, Òṣogbo sí 035. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo dúró lẹ́yìn ẹ̀, òun àti ọmọ kan ní Australia ń sọ̀rọ̀ kóòdù, ọmọ yẹn bi í irú èèyàn tí màmá ẹ̀ jẹ́. Ó kọ ọ́ pé màmá òun ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé àwọn arúgbó, tó bá ń bọ̀ láàárọ̀ òun máa ń gbọ́ bàtà ẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tó bá ti rẹ̀ ẹ́ gan-an ti ẹsẹ̀ òsì máa ń dún ju tọ̀tún lọ. Mo bojú wo bàtà mi. Òótọ́ ni, ẹ̀gbẹ́ kan ti jẹ tán.

Tí èèyàn bá ń bá irú ọmọ báyìí sọ̀rọ̀ lójúkojú, ó ní láti gbọ́ ọ̀rọ̀, kó wo ojú, kó mọ̀ bóyá eré ni, kó sì fèsì kíá, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá wà ní kíkọ, ọ̀rọ̀ nìkan ló kù, ó lè kà á lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dáhùn. Àwọn àgbà tó ní autism ti mọ̀ ọ́n ṣáájú wa, àwọn fúnra wọn dá ẹgbẹ́ Autism Network International sílẹ̀ ní 1992, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti rí ẹni tó jọ wọ́n.

Èmi náà fẹ́ yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì yẹn nígbà kan. Bàbá mi, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, á lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà nílé láti pè wá, fóònù ò ní wọlé torí ọmọ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lọ lọ́sẹ̀ kan. Nígbà tí wọ́n wá rí wa bá sọ̀rọ̀, mo bẹ̀ wọ́n, mo ní mà á já wáyà yẹn. Wọ́n ní kí ni ọmọ ń ṣe níbẹ̀, mo ní ó ń kọ̀wé ni, wọ́n ní kó kọ ọ́ sáwọn náà. Ọmọkùnrin kan ní kafé ní àdúgbò Under G, létí LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń tẹ ìméèlì jáde fún wọn, bàbá á gbé e relé, wọ́n á fi bíírò pupa fàlà sábẹ́ ohun tó yé wọn, wọ́n á padà lọ sọ èsì kí ọmọ yẹn tẹ̀ ẹ́. Tí kò bá síná, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ mi bi wọ́n pé kí ló dé táwọn èèyàn fi ń béèrè pé ṣé dáadáa ni tí wọn kì í dúró gbọ́ èsì. Bàbá ò bá a wí. Wọ́n to ìkíni ránṣẹ́ sí i bí ìgbà tí wọ́n to kóòdù fóònù: ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹni tó jókòó, ẹ kú ìjókòó, ẹni tó ń tajà, ẹ kú ọjà, ẹni tó ti ìrìn àjò dé, ẹ kú àbọ̀, àti ohun tẹ́ni yẹn á fi dáhùn.

Ọdún 2002 la lọ sílé. Ìyá kan ń sá láfún níwájú ilé, ọmọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní ẹ kú iṣẹ́ mà. Kò sẹ́ni tó bèèrè pé kí ló dé tí kò wojú wọn. Àmọ́ kí n má tàn yín, lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ tí jẹnẹrétọ̀ ń dún tí wọ́n tún gbé spíkà síta, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá ló wọ̀, ó ṣe ọjọ́ mẹ́ta kó tó jáde. Torí náà ẹ gbé e lọ sílé, àmọ́ kẹ́ ẹ ti sọ yàrá tó máa sá sí fún ìyá yín kẹ́ ẹ tó wọ bàálù, àgbàlá nìkan ò lè la ẹnu ẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú tiyín ni pé íntánẹ́ẹ̀tì ayé ìsinsìnyí ò lópin. Tiwa ń jowó ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, agogo méje bá lù, mo gbé fóònù, ó parí, ọmọ náà mọ̀. Ẹ kọ àkókò sára ògiri fún un, kó lè rí òpin níwájú. Kọ̀ǹpútà kó wà ní pálọ̀. Ẹnì kan bèèrè àdírẹ́sì ilé wa lọ́wọ́ tèmi rí, ó sì kọ ọ́ fún un pátá, torí wọ́n bi í léèrè, òun sì mọ ìdáhùn. Kò mọ̀ pé èèyàn lè mọ ìdáhùn kó má sọ ọ́. Mo bá a kọ ọ́ sórí pépà ohun tó máa tẹ̀ tẹ́nikẹ́ni bá béèrè àdírẹ́sì, síkúùlù tàbí fọ́tò: màmá mi ò gbà. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ń lò ó bó ṣe wà gẹ́lẹ́.

Ìyá yín ńkọ́, ṣé wọ́n ń lo WhatsApp? Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa kọ̀wé sí wọn láti ìsinsìnyí, kẹ́nì kan máa kà á fún wọn, kí wọ́n fohùn dáhùn, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún un bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, ẹ má tún un ṣe. Kẹ́ ẹ sì tọ́jú ohun tó kọ nípa àbúrò ẹ̀ yẹn, àbúrò náà á fẹ́ kà á.