Kákítọ́ọ̀sì mi ń jẹrà láti àárín, ṣé ó ti kú nìyẹn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ẹnì kan fún mi ní kákítọ́ọ̀sì kékeré kan. Ọmọ pọ̀ lára rẹ̀ bí ìka ọwọ́ tó ṣùjọ, ẹ̀gún rẹ̀ sì ń dán bíi wúrà. Orí tábìlì nínú pálọ̀ ni mo gbé e sí, mo sì ń bu omi díẹ̀díẹ̀ sí i láràárọ̀. Ní báyìí, àárín rẹ̀ ti dúdú, ó ti rọ̀. Àwọn ọmọ tó wà létí ń na ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ jáde, ìsàlẹ̀ àwọn kan sì ti gbẹ bíi pákó. Ṣé ó ti kú nìyẹn? Kí ni mo ṣe tí kò tọ́?

Ìdáhùn: Kò tíì kú, ẹ má dà á nù. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni igi yìí rí: bí ìyá bá lọ, ọmọ á rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjẹrà kì í ṣe ohun tí à ń fi dọ̀la, torí náà ohun tí ẹ máa ṣe lónìí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ.

Ẹ fi bébà tí ẹ ká po dì í mú kí ẹ̀gún má bàa gún yín, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìkòkò, kí ẹ sì gbọn iyẹ̀pẹ̀ tútù náà dànù. Ẹ fi sípíríìtì nu ọ̀bẹ tó mú, kí ẹ fi gé àwọn ọmọ tó ṣì le kúrò lára ìyá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé dáadáa. Bó bá mọ́, tó ní àwọ̀ ewé tútù, ó dára. Bí ẹ bá rí àmì rúsúrúsú ní àárín rẹ̀, ìjẹrà ti dé ibẹ̀. Ẹ tún ọ̀bẹ nù, kí ẹ gé sókè sí i títí ojú rẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ má ṣàánú ibi tó ti rọ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó fi díẹ̀ sílẹ̀ torí pé ó ń dùn wọ́n, tí gbogbo ọmọ tó kù sì bá a lọ. Ẹ tẹ́ àwọn tó mọ́ sórí bébà níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, tí oòrùn kò ta sí, kí ojú ọgbẹ́ wọn gbẹ fún bí ọjọ́ méje. Ẹ má fún wọn lómi rárá. Omi tí wọ́n máa lò wà lára wọn.

Bí wọ́n ṣe ń gbẹ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Bí ẹ ṣe júwe igi náà, ó jọ Mammillaria elongata, tí ilé rẹ̀ wà ní àárín gbùngbùn Mẹ́síkò, ní ìpínlẹ̀ Hidalgo, Guanajuato àti Querétaro. Ibi olókúta ló ń hù sí. Bí òjò bá rọ̀ níbẹ̀, á rin gbòǹgbò rẹ̀ gbingbin, omi á sì ṣàn lọ. Lẹ́yìn náà ó lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù láì rí omi gidi. Gbogbo ara rẹ̀ ló fi ṣe àmù. Kódà, alẹ́ ló ń ṣí àwọn ihò tó fi ń mí, kí ooru ọ̀sán má bàa fa omi gbẹ lára rẹ̀. Igi tó mọ omi í ṣọ́ báyìí, omi àràárọ̀ ló máa pa á. Gbòǹgbò nílò afẹ́fẹ́. Bí iyẹ̀pẹ̀ kò bá gbẹ rí, afẹ́fẹ́ kò ní ráyè wọlé, gbòǹgbò á kú, èbu á sì gba ibẹ̀ gùnkè. Àárín ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, torí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti fún mọ́ra jù.

Nítorí náà, ẹ jáwọ́ nínú díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fún un lómi, ẹ fún un ní àmuyó títí omi yóò fi jò jáde nídìí ìkòkò, kí ẹ da èyí tó kù nínú àwo ìsàlẹ̀ nù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbàgbé rẹ̀ títí iyẹ̀pẹ̀ yóò fi gbẹ dé ìsàlẹ̀. Ẹ ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn, kò tíì yá. Nígbà tó ń dàgbà, èyí lè tó ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà òtútù, tàbí bí ojú ọjọ́ bá rin fún ìgbà pípẹ́, ó lè ju oṣù kan lọ. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni kí ẹ gbà gbọ́, ẹ má wo kàlẹ́ńdà. Etí ìkòkò ni kí ẹ máa da omi sí, kì í ṣe orí rẹ̀.

Ọrùn tó ń nà yẹn, ìmọ́lẹ̀ ló ń wá. Ibi tó ti tẹ́ẹ́rẹ́ kò ní sanra mọ́, ṣùgbọ́n ohun tó bá hù lórí rẹ̀ lẹ́yìn èyí lè sanra bó ṣe yẹ. Ẹ gbé e sí ojú fèrèsé níbi tí oòrùn ti lè ta sí i fún bíi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lójúmọ́. Àmọ́ ẹ má gbé e láti inú òkùnkùn bọ́ sí oòrùn ọ̀sán lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì sún un mọ́ ọn, torí àpá oòrùn kì í parẹ́ lára rẹ̀. Láìsí ìmọ́lẹ̀ tó tó, ẹ kò ní rí òdòdó rẹ̀, tó máa ń yí orí ká bí adé.

Ti ìsàlẹ̀ tó dà bíi pákó, bó bá gbẹ tó sì le, àgbà ló dé. Èyí tó bá rọ̀ tó sì tutù nìkan ni kí ẹ bẹ̀rù. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí òwú láàárín ẹ̀gún, kòkòrò ni. Ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú sípíríìtì nù ún, kí ẹ tún padà wò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ó ku ibi tí àwọn ọmọ máa gbé. Ìkòkò tó fẹ̀ tí kò jìn ló bá wọn mu, ó sì gbọ́dọ̀ ní ihò nídìí. Àwọn kan máa ń kó òkúta sí ìsàlẹ̀ ìkòkò tí kò níhò. Omi kò ní ibi tí yóò gbà jáde síbẹ̀. Ẹ po ilẹ̀dú àti òkúta wẹ́wẹ́ tàbí perlite (òkúta funfun fífúyẹ́ tí wọ́n ń pò mọ́ iyẹ̀pẹ̀) pọ̀ ní ìlàjì-ìlàjì. Yanrìn kíkúnná kò dára, ó máa ń dì. Ẹ gbé ọmọ kọ̀ọ̀kan lé orí rẹ̀ ní gbígbẹ, kí ìdí rẹ̀ kàn wọlé díẹ̀, kí ẹ sì fi òkúta kéékèèké tì í kó má ṣubú. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá gbẹ, ẹ tún wọ́n ọn. Ó lè lo oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó ta gbòǹgbò, bó bá sì hunjọ díẹ̀ láàárín àkókò náà, ẹ má fòyà. Bí ẹ bá fi ọwọ́ tì í jẹ́jẹ́ tí kò yẹ̀, tí ẹ̀gún tuntun sì ń yọ lórí rẹ̀, ó ti mú nìyẹn. Ọjọ́ náà ni kí ẹ fún un ní àmuyó rẹ̀ àkọ́kọ́.