Baba Dúdú Ń Lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Àdìrẹ Ń Bọ̀ láti Ìtòkú

Ẹ kú ojú lọ́nà o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, àmọ́ mẹ́ta nínú wọn ló dá lórí ẹ̀bùn àfọwọ́ṣe, àwọn ni mo sì mú. Ọmọ Ìkirè ni mí, Ìbàdàn ni mo ti ṣe tíṣà ìdáná títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìpápánu ni mo ń tà ní Mọ́kọ́lá báyìí. Ẹ má retí pé kí n sọ̀rọ̀ ṣókí.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù máa bímọ láìpẹ́. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ń lọ síbẹ̀, ó ní òun lè bá mi gbé kílò 3. Ó wù mí kí n fọwọ́ ara mi ṣe nǹkan tí wọ́n máa fi sọmọ lórúkọ. Mo ń ro dòdò Ìkirè, kílíṣí, àádùn àti baba dúdú. Èwo ni kò ní bàjẹ́ lọ́nà?
— Àbúrò ìyá ìkókó, Òkè-Àdó, Ìbàdàn

Ọmọ mi, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Kọ́kọ́ yọ kílíṣí kúrò níbẹ̀. Ẹran ni, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì gbà kí èrò ọkọ̀ òfuurufú gbé ẹran wọlé láti Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọn kò gba wàrà àwọn Fúlàní, bí ẹnikẹ́ni bá tún fi ìyẹn lọ̀ ọ́. Ẹni ẹlẹ́ni ló ń bá ọ gbé ẹrù, má jẹ́ kí wọ́n dá a dúró ní pápákọ̀ nítorí tìẹ.

Dòdò Ìkirè wáyìí, ìlú mi ni, mo lè sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá pípọ́n, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, ni a máa ń fọ́ pọ̀ mọ́ ata àti iyọ̀, ká tó dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú. Bí o bá ti gba ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ rí, o ti rí àwọn tó ń gbé e sáré tẹ̀lé mọ́tò. Rírọ̀ tó rọ̀ ló fi dùn, rírọ̀ náà ló sì ń bà á jẹ́, torí omi ṣì wà nínú rẹ̀. Inú ewé ló ti ń mí. Ẹ wò ó, inú mi kì í dùn bí mo bá rí i nínú ike ọlọ́mọrí tí wọ́n ń kó o sí láyé ìsinsìnyí. Bí o bá dì í sínú ọ̀rá tó lo ọjọ́ mélòó kan nínú àpótí, yóò bu, nǹkan funfun yóò sì hù lára rẹ̀ kó tó kan Peckham. Fi sílẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá wálé, kó jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà.

Àádùn ni kó o fi ṣe olórí ẹrù rẹ. Ó ti wà lára ohun tí a fi ń sọmọ lórúkọ tipẹ́, pẹ̀lú oyin, obì, orógbó àti atare, torí náà kò sí ìyá àgbà kan ní Peckham tó máa béèrè pé kí ló wá ṣe níbẹ̀. Yan àgbàdo gbígbẹ lórí iná tí kò le, kó pọ́n dáadáa, kó má jóná. Èyí tó bá jóná máa ń korò, ṣúgà kò sì lè bò ó. Bí o bá gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa bá ọ lọ̀ ọ́, dúró tì í, kó fọ ẹ̀rọ rẹ̀ níṣojú rẹ. Ata ẹlòmíì máa ń fara pamọ́ sínú ẹ̀rọ yẹn. Fi ajọ̀ kù ú. Gbé epo pupa kaná díẹ̀, jẹ́ kó tutù, kó o máa ta á sí i ní kékeré kékeré pẹ̀lú iyọ̀ àti ṣúgà, ata gbígbẹ díẹ̀ bó bá wù ọ́. Oyin lèmi fẹ́ràn nínú àádùn, ṣùgbọ́n omi wà nínú oyin, ṣúgà ló dáa fún ìrìn àjò. Bí o bá fún un mọ́ ọwọ́, tó dì, tí epo kò sì ṣẹ́ jáde láàárín ìka rẹ, ó tó nìyẹn.

Baba dúdú ló tẹ̀ lé e, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Àgbọn ńlá 2. Rin ín, da omi gbígbóná ife 3 sí i, fún un, sẹ́ ẹ. Da omi funfun tó jáde yẹn pọ̀ mọ́ ṣúgà ife 2 nínú ìkòkò tó nípọn, kó o gbé e kaná. Fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, kò ní jọ ohun tó máa di nǹkan kan. Jẹ́ kó máa hó. Tó bá yá, òróró àgbọn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, omi á gbẹ, ṣúgà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ìgbà yẹn ni kó o pa fóònù rẹ tì, kó o máa rò ó láìsinmi, torí àárín kó pọ́n àti kó jóná kò tó àsìkò tí èèyàn fi ń kí aládùúgbò. Kán díẹ̀ sínú omi tútù. Bó bá tú ká, kò tíì jinná. Bó bá ṣù, tó sì le nígbà tó o tẹ̀ ẹ́, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíá. Dà á sórí àwo tó o ti fi òróró pa. Nígbà tí ọwọ́ bá lè gbà á, fi òróró ra ọwọ́ rẹ, yí i gbọọrọ, kó o gé e. Má fi àwọ̀ kankan sí i. Mo ti rí i tí wọ́n sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé, mi ò mọ ẹni tó bẹ̀ wọ́n.

Ọ̀rinrin ló ń bá baba dúdú jà. Ṣúgà máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìdí nìyẹn tí èyí tá a bá sè nígbà ọyẹ́ fi máa ń gbẹ dáadáa, tí ti inú òjò sì máa ń lẹ̀ mọ́ bébà débi pé èèyàn á jẹ bébà mọ́ ọn. Bí òjò bá ń rọ̀, ọ̀rá ni kó o fi wé e lọ́kọ̀ọ̀kan ní kété tó bá ti tutù, kó o sì kó o sínú ike tó dé pinpin. Fi Gẹ̀ẹ́sì kọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tó o fi ṣe é sára ike. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún àádùn náà, torí ìyẹ̀fun pupa tí kò lórúkọ nínú báàgì kì í jẹ́ kí ọkàn àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù balẹ̀.

Béèrè ọjọ́ tí ẹni yẹn máa dé dáadáa. Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n máa sọmọ lórúkọ. Bí ẹrù kò bá ní bá ọjọ́ náà, baba dúdú nìkan ni kó o fi ránṣẹ́, kí ìyá ọmọ máa lá a lóru tí ìkókó kò bá jẹ́ kó sùn.

Màmá, ẹ kú làákàyè. Ìyàwó mi máa pé ọgọ́ta ọdún. Mo fẹ́ ra àdìrẹ tí wọ́n fọwọ́ ṣe fún un ní Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọ mi ní kò sí ìyàtọ̀ nínú rẹ̀ àti èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa dá a mọ̀?
— Bàbá Ṣàgámù

Ẹ kú oríire, sà. Ẹ má dá àwọn ọmọ yín lóhùn.

Bí ẹ bá dé Ìtòkú, ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta, ẹ yí aṣọ padà kẹ́ ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀, ojú rẹ̀ máa ń mú, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣá. Èyí tí wọ́n rì sínú aró, aró ti mu ún tojú tẹ̀yìn. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún níbi àyẹ̀wò yìí: ojú kan péré ni wọ́n máa ń fi ìyẹ́ adìẹ tàbí páànù tí wọ́n gé ya ẹ̀kọ láfún sí, nítorí náà iṣẹ́ ara rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lẹ́yìn. Ẹ má torí ìyẹn pe aṣọ gidi ní ayédèrú.

Àyẹ̀wò tí mo fọkàn tán jù rèé. Ẹ wá iṣẹ́ kan náà níbi méjì lára aṣọ. Ọwọ́ èèyàn kì í ya nǹkan bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá rí ibi tí nǹkan ti ṣèèṣì kán sílẹ̀, tẹ́ ẹ tún rí i pé ó “ṣèèṣì” kán síbi kan náà lápá kejì, ẹ̀rọ ló ṣèèṣì yẹn.

Ohun tó pọ̀ jù lọ́jà báyìí ni àdìrẹ alábẹ́là, èyí tí wọ́n fi àbẹ́là yíyọ́ ya iṣẹ́ sí, tí wọ́n sì fi aró òyìnbó pa. Kò sí àbùkù níbẹ̀, ọwọ́ ló ṣe òun náà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ti èlú lẹ fẹ́, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu, kẹ́ ẹ sì múra sílẹ̀ fún owó rẹ̀: ewé èlú ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń sá, tí wọ́n sì ń rẹ sínú omi eérú fún ọjọ́ púpọ̀ kí aró tó gbó. Ọ̀pá 5 máa tó ìró àti bùbá fún ọ̀pọ̀ obìnrin.

Ní ti iṣẹ́ ara rẹ̀, bí ìyàwó yín bá jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, Ìbàdàndùn ni kẹ́ ẹ béèrè. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, wà lára rẹ̀, ṣíbí sì wà láàárín àwọn òpó náà. Olóba náà wà, tó ní àwòrán Ọba George Karùn-ún àti ayaba rẹ̀, láti ìgbà júbílì 1935. Ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ta ló fẹ́ ró ọba Gẹ̀ẹ́sì mọ́dìí lọ́jọ́ ìbí ara rẹ̀?

Omi tútù ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, lọ́tọ̀, kí wọ́n sì sá a sí ibòji. Bí aró bá ń ràn díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe. Ẹ má di í sínú báàgì ọ̀rá o. Ẹ wá igbá fífín Ọ̀yọ́ kan tó ní ọmọrí, kẹ́ ẹ ká aṣọ náà sínú rẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, igbá yẹn á di ibi tí màmá ń kó ìlẹ̀kẹ̀ sí.

Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ọmọ mi fẹ́ fún tíṣà rẹ̀ lẹ́bùn kí wọ́n tó gba ìsinmi. Ẹ̀pà àti ṣúgà ló wà nílé, owó kò sí.
— Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Ẹ̀pà àti ṣúgà náà ni sisí pẹlẹbẹ, Ìyá Ìbejì. Ẹ yan ẹ̀pà, ẹ bó o, ẹ fẹ́ ẹ. Ẹ yọ́ ṣúgà nínú ìkòkò gbígbẹ láìfi omi sí i, ẹ da ẹ̀pà lé e nígbà tó bá pọ́n, ẹ rò ó, ẹ dà á sórí pátákó tẹ́ ẹ ti fi òróró pa, kẹ́ ẹ fi ìgò tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ. Ẹ gé e kó tó tutù, torí bó bá tutù tán, fífọ́ ló máa fọ́. Kí ọmọ jìnnà sí ìkòkò yẹn, ṣúgà yíyọ́ máa ń jó èèyàn ju omi gbígbóná lọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó kọ orúkọ tíṣà sí bébà tẹ́ ẹ máa fi wé e.

Ẹ kọ́kọ́ ní kó béèrè lọ́wọ́ tíṣà bóyá ẹ̀pà ń bá a lára mu. Bí kò bá bá a lára mu, àgbọn ni kẹ́ ẹ rin sí i dípò ẹ̀pà.