Ṣé epo pupa ló ń mú jẹjẹrẹ pánkíríà tàn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Àjàṣẹ́ níbí la wà. Dókítà ní jẹjẹrẹ pánkíríà, ẹ̀yà ara kan nínú ikùn, ló ń ṣe bàbá ọkọ mi, ó sì ti dé ẹ̀dọ̀. Làwọn ará ilé bá gbọ́ fóìsì kan lórí WhatsApp pé epo pupa ló ń gbé jẹjẹrẹ rìn, látìgbà náà àkàsà lásán àti ẹ̀fọ́ bíbọ̀ la ń fún wọn. Wọ́n ti rù débi pé òrùka ń yọ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn tí wọ́n bá ń ṣe àlùwàlá. Ṣé ká máa bá a lọ bẹ́ẹ̀?
Ìyàwó ilé kan, Wàńdò

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á bá wa wo bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ebi kún àìsàn wọn, ẹ dá epo padà sínú ọbẹ̀ wọn.

Ẹ gbọ́ ibi tí fóìsì yẹn ti wá o. Lọ́dún 2021, àwọn onímọ̀ kan ní Barcelona fún eku ní ásíìdì ọ̀rá tó ń jẹ́ palmitic, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì epo pupa, jẹjẹrẹ ara àwọn eku náà sì tàn gan-an, àmọ́ jẹjẹrẹ ẹnu àti ti awọ ni wọ́n wò. Ti pánkíríà, àwọn ará Amẹ́ríkà tẹ̀ lé èèyàn tó lé ní 500,000, wọ́n gbé e jáde ní 2009, wọ́n rí i pé àwọn tó ń jẹ ọ̀rá ẹran pupa àti ti wàrà jù ló tún ń ní in jù. Àwọn yẹn ò tíì ní àrùn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, bàbá ti wà lórí ẹní, torí náà ìyẹn ò sọ pé epo ló ń mú jẹjẹrẹ ti bàbá tàn.

Pánkíríà yìí, ẹ̀yìn àpòlúkù ló wà, òun ló ń tú omi tó ń lọ ọ̀rá inú oúnjẹ. Tó bá ti bàjẹ́, ọ̀rá á kàn gba inú kọjá ni, èèyàn á máa jẹun á sì máa rù. Ẹ wo ìgbẹ́ bàbá dáadáa, ẹ má tijú: ṣé ó ń léfòó, ṣé ó ń dán bí epo, ṣé omi ò tètè gbé e lọ? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún dókítà, kapúsù kan wà tí wọ́n ń pè ní Créon, àárín oúnjẹ ni wọ́n ti ń gbé e mì, iṣẹ́ tí pánkíríà ò lè ṣe mọ́ ló ń bá a ṣe. Torí ẹni tó bá rù jù, ara rẹ̀ lè má lè gba ṣimíò, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ.

Ẹja ṣáwà, ẹyin, wàgáṣì, ẹ̀pà lílọ̀ nínú ọbẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fún wọn, ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́. Kí ẹ tó lọ rí dókítà, ẹ gbé wọn sórí ìwọ̀n, kí ẹ kọ kílò wọn sílẹ̀, kí ẹ mú un dání.