Ṣé kí Ìyá Ìbejì dá oògùn kan dúró?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín o. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí ìyàwó mi ti ń lo oògùn HIV, hóró kan péré lálaalẹ́. Ní oṣù tó kọjá, àyẹ̀wò fi hàn pé ikọ́ ife ń bá a jà. Wọ́n fún un ní oògùn rẹ̀, wọ́n sì ní kí ó máa lo hóró dolutegravir kan sí i láàárọ̀. Láti ìgbà náà ni ìtọ̀ rẹ̀ ti pupa bíi Fanta. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní oògùn ti pọ̀ jù, kí a dá ti HIV dúró kí ikọ́ kọ́kọ́ lọ. Kí ni kí a ṣe? — Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dá ìkankan dúró. Ìtọ̀ pupa yẹn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀: àwọ̀ rifampicin, ọ̀kan nínú àwọn oògùn ikọ́ ife, ni, ó sì lè hàn nínú omijé pẹ̀lú. Àmọ́ bí ojú rẹ̀ bá pọ́n bíi ti oníbà pọ́njú, tí ó sì ń bì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ẹ̀dọ̀ lè ti fara gbá.

Hóró àárọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mójú tó jù. Oògùn mẹ́ta ló wà nínú hóró tí ó ń lò lálẹ́, dolutegravir sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Rifampicin máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ dolutegravir dànù, tó bẹ́ẹ̀ tí èyí tí ó kù nínú ẹ̀jẹ̀ kò ní tó kápá kòkòrò HIV mọ́ kí alẹ́ ọjọ́ kejì tó lẹ́. Nítorí náà ni wọ́n fi fi miligíráàmù 50 kún un, tí wákàtí 12 sì gbọ́dọ̀ wà láàárín méjèèjì. Bí ti alẹ́ bá jẹ́ aago mẹ́jọ, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni ti èkejì. Oṣù mẹ́fà ni oògùn ikọ́ ife sábà máa ń gbà, ṣùgbọ́n kí ó máa lo àfikún yìí títí di ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ó bá parí, torí pé ẹ̀dọ̀ kì í padà sípò lọ́jọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ òpè o. Nígbà kan rí, àwọn dókítà mìíràn náà máa ń ní kí aláìsàn parí oògùn ikọ́ ife kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ti HIV. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ìlú Durban, ní South Africa, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2010, ló fi hàn pé ikú fi ìdá 56 nínú 100 dín láàárín àwọn tí wọ́n lo méjèèjì pọ̀, ní ìfiwéra pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n dúró.

Ẹ kò sọ ọjọ́ orí àwọn ìbejì fún wa. Bí wọn kò bá tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ gbé wọn lọ sí ibi tí ìyá wọn ti ń gba oògùn lọ́sẹ̀ yìí kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Bí kò bá sí ikọ́ ife lára wọn, oògùn ìdènà rẹ̀ wà fún wọn.